Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ NASA: Jezero Ni Kí Ọkọ̀ Tó Kàn Balẹ̀ Sí

Sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ NASA ní Washington, àti sí gbogbo àwọn tó ń bá wọn gbèrò lórí ìrìn àjò sí Máàsì.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ ìlú.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Houston. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì ń san owó orí fún ìjọba Amẹ́ríkà bí gbogbo ará ìlú ti ń san án. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí síta, níbi tí àwọn ènìyàn mi ti lè bá yín kà á, ni ìpinnu tó jáde ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, nígbà tí àwọn aṣòfin kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná pé àwọn kò ti ètò gbígbé òkúta Máàsì wá sí ilé ayé lẹ́yìn mọ́ bí ó ṣe wà. Ṣáájú ìgbà náà, ní Oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, Ilé Ààrẹ ti dábàá pé kí wọ́n pa ètò náà tì pátápátá. Ọ̀rọ̀ owó ló gba gbogbo ẹnu láti ìgbà náà. Díẹ̀ ni mo gbọ́ tó kan ibi ìbalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi ìbalẹ̀ gan-an ni ìpinnu yìí kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ. Ibi tí ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà tó kàn yóò balẹ̀ sí lórí Máàsì ti wà nínú àkọsílẹ̀ yín láti ọjọ́ 19 Oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Thomas Zurbuchen, ẹni tó ń darí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yín nígbà náà, kéde Jezero, kòtò ńlá kan lórí Máàsì, fún gbogbo ayé. Perseverance, ọkọ̀ tó lọ ṣa òkúta jọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù, ti dé ibẹ̀. Èyí tó yẹ kó lọ gbé ẹrù náà bọ̀ ni kò tíì gbéra. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀rí mi ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹ rántí bí ẹ ṣe yan Jezero. Ìpàdé àpérò mẹ́rin ni ẹ pè. Ní ti àkọ́kọ́, ní Oṣù Kárùn-ún ọdún 2014, nǹkan bí 30 ibi ni àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ó ku mẹ́jọ. Ní Oṣù Kejì ọdún 2017, ó ku mẹ́ta: Jezero, apá àríwá-ìlà-oòrùn Syrtis, àti Columbia Hills tó wà nínú kòtò Gusev. Nígbà tí ẹ ó fi pé jọ sí Glendale ní ìpínlẹ̀ California ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ìkẹrin ti wọlé, ibì kan láàárín Jezero àti Syrtis tí ẹ ń pè ní Midway. Ẹ kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn ìpàdé wọ̀nyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí irun orí rẹ̀ ti funfun sídìí iṣẹ́ náà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí jọ jókòó, wọ́n jọ jiyàn, wọ́n sì jọ dìbò.

Kí ni wọ́n ń dìbò lé lórí? Wọ́n wo bóyá ọkọ̀ lè balẹ̀ láì fọ́, wọ́n wo bóyá ó lè rìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń padà wá lójoojúmọ́ nínú àwọn ìpàdé náà ni pé: bí òkúta ibí yìí bá dé yàrá ìwádìí lórí ilẹ̀ ayé, kí ni yóò lè sọ fún wa? Jezero ní èsì tó dára sí i. Kòtò tó fẹ̀ tó kìlómítà 45 ni, ní etí ìwọ̀-oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ Isidis. Ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn tí odò kan ti ń ya wọ inú rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, tí omi náà di adágún, tó kún títí ó fi wá ọ̀nà jáde gba ìlà-oòrùn. Ní ẹnu ibi tí odò náà ti ń wọlé, ó da ẹrẹ̀ tó ń gbé bọ̀ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, gẹ́gẹ́ bí Odò Ọya ti ń da tirẹ̀ sí etí òkun títí di òní. Ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bo ohun tó bá kú sínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá, ó sì lè pa àmì rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ipa ohun abẹ̀mí tó ti kú tipẹ́ kò lè rí ibi tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀.

2. Àwọn tó pàdánù ìdìbò náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, Spirit, ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì yín kan, balẹ̀ sínú Gusev, kòtò tó fẹ̀ ju kìlómítà 160 lọ, nítorí pé àwòrán láti òkè fi hàn pé odò ńlá kan ti wọ ibẹ̀ rí. Ẹrẹ̀ adágún ni gbogbo ènìyàn ń retí. Òkúta tó ṣàn jáde láti inú iná abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n bá. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Spirit fi rìn kó tó dé Columbia Hills, àwọn òkè inú kòtò náà. Ní ọdún 2006, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kú, ó sì di ohun tó ń wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹsẹ̀ tó kú yìí ló tú ilẹ̀ ní ọdún 2007 tí iyẹ̀pẹ̀ funfun kan fi yọ síta, tí nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ silica, èròjà tó wà nínú iyanrìn, irú èyí tí orísun omi gbígbóná máa ń fi sílẹ̀. Àwọn tó gbèjà Columbia Hills ní Glendale ń sọ pé, ní tiwọn, a ti fojú rí ohun tó wà níbẹ̀, kò sí pé à ń fojú bù ú láti òkè.

Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé irinṣẹ́ orí ọkọ̀ nìkan ni a óò fi wo òkúta, tí a kò ní gbé ohunkóhun bọ̀, ẹjọ́ wọn ì bá lágbára ju bí ó ti rí lọ. Jezero borí nítorí pé onírúurú òkúta wà níbẹ̀ tí yàrá ìwádìí lè tú palẹ̀: ti odò, ti adágún, ti etí kòtò, ti iná. Wọ́n gbà pé wọ́n pàdánù. Ẹni tó gba ìdìbò lórí àdéhùn pé òkúta yóò délé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè òkúta náà.

3. Ẹ ti fi nǹkan ńlá wéwu nítorí ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí Curiosity, ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì yín tó ṣáájú Perseverance, yóò balẹ̀ sí, wọ́n dárúkọ Jezero, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nítorí àpáta, bèbè gíga àti iyanrìn rẹ̀. Gale ni Curiosity lọ ní ọdún 2012. Ohun tó sọ Jezero di ibi tí ó ṣeé balẹ̀ sí ni ètò tuntun kan tó ń ya àwòrán ilẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ páráṣúùtì, tó ń fi àwòrán náà wé máàpù tí ẹ ti kó sórí rẹ̀ láti ilé, tó sì ń fúnra rẹ̀ yan ibi tí kò léwu láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Agbègbè ìbalẹ̀ tí ẹ fún Viking, ọkọ̀ yín àtijọ́, ní ọdún 1976 gùn tó kìlómítà 280. Ti Perseverance kò ju nǹkan bíi kìlómítà 7.7 sí 6.6 lọ. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kejì ọdún 2021, ìròyìn gba ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 11 kó tó ti Máàsì dé ọ̀dọ̀ yín, èyí tó túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti wọ afẹ́fẹ́ Máàsì, ó ti balẹ̀ tán. Ó balẹ̀ ní àlàáfíà, gbogbo wa la sì yọ̀. Ọkọ̀ tí ìnáwó rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.7 dọ́là ni ẹ fi ta tẹ́tẹ́ yìí, ẹ sì jẹ ẹ́.

4. Ibẹ̀ ti san gbèsè rẹ̀. Ilẹ̀ inú kòtò náà, tí ọ̀pọ̀ rò pé ẹrẹ̀ adágún ni yóò jẹ́, wá jẹ́ òkúta tó ti inú iná jáde, bíi ti Gusev. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó káàánú, nítorí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a lè fi mọ ọjọ́ orí ibẹ̀ ní pàtó bí ó bá dé yàrá ìwádìí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ orí tí à ń pè lórí Máàsì lónìí, kíka iye kòtò tó wà lójú ilẹ̀ la fi ń fojú bù ú, ìwọ̀n tí a sì fi ń kà á, orí òkúta tí àwọn ará ìrìn àjò Apollo kó wá láti Òṣùpá la gbé e lé. Òkúta kan ṣoṣo láti Jezero, tí a mọ ibi tí a ti bù ú gan-an, yóò tún ọ̀pọ̀ ìṣirò wọ̀nyẹn ṣe.

Lẹ́yìn náà ni òkúta tí ẹ pè ní Cheyava Falls dé. Ní Oṣù Keje ọdún 2024, nínú àfonífojì tí odò àtijọ́ yẹn gbà wọlé, Perseverance kan òkúta kan tó gùn tó mítà kan, tó sì fẹ̀ tó ìdajì mítà àti díẹ̀. Mo fi àwòrán rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójú ìwé yín fúnra yín. Ìlà funfun gbọọrọ tó jẹ́ calcium sulfate ló la òkúta náà kọjá. Àárín àwọn ìlà náà pupa bí ilẹ̀ amọ̀. Lórí pupa yẹn ni àwọn àmì kéékèèké wà, tí àárín wọn funfun díẹ̀, tí etí wọn sì dúdú, tí àwọn onímọ̀ yín ń pè ní àmì ara ẹkùn. Irin àti fọ́sífétì wà nínú etí dúdú náà, irin àti imí ọjọ́ wà ní àárín, èròjà carbon sì wà ní sàkáání ibẹ̀. Lórí ilẹ̀ ayé, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí máa ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí wọ́n bá ń jẹun. Ìwé ìwádìí lórí rẹ̀ jáde nínú Nature, ìwé àtìgbàdégbà sáyẹ́ǹsì, ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn tó kọ ọ́ sì ṣọ́ra gidigidi: wọ́n ní ó lè jẹ́ ohun abẹ̀mí, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ òkúta àti omi lásán, irinṣẹ́ orí ọkọ̀ kò sì lè yanjú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà tó ń dele ní àjọ yín nígbà náà jáde sórí tẹlifíṣọ̀n láti kéde rẹ̀ fún ayé. Ẹ kò lè pe gbogbo ayé wá wo òkúta kan, kí ẹ tún ní kí á máa lọ sílé, pé a kò ní í mọ ohun tó jẹ́.

5. Níbo ni àwọn òkúta náà wà báyìí? Mẹ́wàá nínú wọn wà nílẹ̀ ní Three Forks, ibì kan nínú Jezero. Láàárín Oṣù Kejìlá ọdún 2022 àti òpin Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Perseverance to túùbù mẹ́wàá tí a di ohun tí ó bù jọ sí sílẹ̀ níbẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sì fi mítà márùn-ún sí 15 jìnnà síra. Ẹ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì kọ ibi tí ó wà sílẹ̀ kí eruku má baà fi pa mọ́. Ìdí tí ẹ fi yan Three Forks ni pé ó tẹ́jú, kò ní àpáta púpọ̀, ọkọ̀ mìíràn sì lè balẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ni pé láàárín ibi ìbalẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ti yan ibi ìbalẹ̀ kejì sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé túùbù tí wọ́n bù láti ara Cheyava Falls, tí ẹ pè ní Sapphire Canyon, kò sí lára mẹ́wàá yẹn. Inú Perseverance fúnra rẹ̀ ló wà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ náà sì ti gun orí etí kòtò láti Oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó ti kọjá sí òdì kejì. Bí ó bá kú síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí tí iyanrìn ti gbé e mì, bí ó ti ṣe Spirit ní ọdún 2009, ẹrù rẹ̀ yóò wà níbi tí ọkọ̀ kankan kò lè balẹ̀ sí. Nítorí náà, gbogbo ibi tí ẹ bá ní kí Perseverance rìn dé láti ìsinsìnyí lọ jẹ́ apá kan ìpinnu lórí ibi ìbalẹ̀, yálà ẹ pè é bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ kò pè é. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

6. Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2018 kan náà, ní Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Yúróòpù yan ibi kan lórí Máàsì tó ń jẹ́ Oxia Planum dípò òmíràn tó ń jẹ́ Mawrth Vallis fún ọkọ̀ wọn, Rosalind Franklin, tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ wọlé tó mítà méjì. Rọ́ṣíà ló ń bá wọn ṣe ohun tí yóò gbé e balẹ̀. Ní ọdún 2022, tí ogun Ukraine dé, wọ́n pín yà, ọkọ̀ tó yẹ kó lọ ní ọdún náà sì dúró nílé. Yúróòpù wá alábàáṣe mìíràn, ẹ̀yin náà sì wà lára wọn, wọ́n sún ọjọ́ ìgbéra sí ọdún 2028, ṣùgbọ́n Oxia Planum ṣì ni ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣáínà ní tirẹ̀ ti sọ pé òun yóò rán ọkọ̀ rẹ̀, Tianwen-3, ní nǹkan bí ọdún 2028 láti lọ gbé òkúta bọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2031. Ibi 86 ni wọ́n kọ́kọ́ tò sílẹ̀, ní agbègbè Chryse àti Utopia, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ tó sì rọrùn láti balẹ̀ sí. Inú mi yóò dùn bí wọ́n bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tó rọrùn ni wọ́n ń wá, ní ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan; ẹ̀yin ti ní òkúta tí a ṣà lẹ́ṣọ̀ọ́ṣọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ibi tó ṣòro.

7. Mo mọ̀ pé owó ni ẹ ó kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Ìgbìmọ̀ tó yẹ ètò náà wò ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 sọ pé yóò ná yín ní bílíọ̀nù mẹ́jọ sí 11 dọ́là. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ọ̀gbẹ́ni Bill Nelson, ọ̀gá àgbà àjọ yín nígbà náà, sọ pé bílíọ̀nù 11 ti pọ̀ jù, ọdún 2040 sì ti jìnnà jù, òótọ́ ni. Ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ẹ̀yin kan náà gbé ọ̀nà méjì jáde tó rọlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti bílíọ̀nù 5.8. Ètò tó wọ́n ni àwọn aṣòfin kọ̀. Wọn kò kọ Jezero, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé ìṣúná bí ẹni pé wọ́n kọ̀ ọ́.

Ẹ tún rántí ọdún 1976. Ọjọ́ 4 Oṣù Keje, ọjọ́ tí Amẹ́ríkà pé igba ọdún, ni ẹ ti là sílẹ̀ pé Viking 1 yóò balẹ̀. Nígbà tí àwòrán láti òkè fi hàn pé ibi tí ẹ yàn rí págunpàgun, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ kọjá lọ, ẹ wá ibòmíràn, ẹ sì balẹ̀ ní ọjọ́ 20. Ilẹ̀ ló pinnu, ayẹyẹ kò pinnu. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní Houston níbí, ní ọdún 2022, ẹ ṣí túùbù kan tí àwọn ará Apollo 17 dì pa lórí Òṣùpá ní ọdún 1972, nítorí pé irinṣẹ́ tí ẹ ní ní ọdún 2022 kò sí nígbà náà. Àádọ́ta ọdún ni òkúta náà fi dúró dè yín, nítorí pé ó ti dé ilé.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí:

Kí ẹ kéde ní kíkọ pé Jezero ni ibi ìbalẹ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó kàn tí yóò fẹsẹ̀ kan Máàsì, iye ọdún yòówù kí ó gbà. Bí iléeṣẹ́ aládàáni kan, tàbí ètò rírán ènìyàn lọ, bá fẹ́ ibòmíràn, kí wọ́n gbé e wá sí ìpàdé àpérò tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí bíi ti ọdún 2014 sí 2018, kí wọ́n sì sọ fún wa níbẹ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òkúta tó wà nílẹ̀.

Kí ẹ tẹ ètò jáde lórí ibi tí Perseverance yóò to àwọn túùbù tó kù sí, pẹ̀lú máàpù àti ẹ̀rí pé ọkọ̀ lè balẹ̀ sí ìtòsí ibẹ̀, kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ara ọkọ̀ náà ṣì dá.

Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń fẹ́ ṣiṣẹ́ náà iye tí wọn yóò gbà láti gbé túùbù díẹ̀ bọ̀, yàtọ̀ sí iye gbígbé gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gbé èsì wọn síta. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni owó ká, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Sapphire Canyon.

Èsì tí ẹ bá kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó jáde síta.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Houston, Texas